Àgànyìn Odò Ẹran

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i." Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ jù nìyẹn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá oníbúrẹ́dì sọ̀rọ̀, ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kí ìyá onílé wa ní àárọ̀, ó dáhùn tán, ó wá rọra bi ọmọ rẹ̀ pé kí ni mo wí. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni mo ń sọ. Mi ò gbọ́ èdè mìíràn kí wọ́n tó mú mi lọ sílé ìwé.

Lọ́jọ́ kan mo dúró létí títì, mo bi ọkùnrin kan níbi tí mo ti lè rí sẹ́mì tó máa gbé mi dé yunifásítì.

Ó wò mí títí. "Kí ló ń jẹ́ sẹ́mì?"

Mo nawọ́ sí alùpùpù kan tó ń kọjá.

"Háà, ọ̀kadà! Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ará ibo ni yín?"

"Yorùbá ni mí."

"Mo gbọ́. Yorùbá ibo?"

"Kétu."

"Kétu ti Èkó?"

Mo ní rárá, Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lápá ọ̀nà Kùtọnu. Ojú rẹ̀ là gedegbe. "Ẹ ò bá ti tètè sọ pé Àgànyìn ni yín!"

Kò fi bú mi. Ó tilẹ̀ bá mi dá ọ̀kadà dúró, ó sọ fún un pé kó má fi owó rẹ́ mi jẹ, pé àlejò ni mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà yẹn, ọ̀rọ̀ bàbá mi ló ń dún sí mi létí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí ilẹ̀ Faransé, tí inú ìyá mi kò dùn pé Nàìjíríà ni tèmi, bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn ló ń lọ sókèèrè. Ìwọ ń lọ sílé ni. Ọ̀yọ́ àti Kétu, ọmọ ìyá ni wá." Ó gbà á gbọ́ débi pé èmi náà gbà á gbọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá pè ní àlejò nílé ìyá rẹ̀, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ ju ẹni tó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè gidi lọ. Ẹni tó lọ sí ilẹ̀ Faransé ti mọ̀ pé àlejò lòun.

Èdè tún wá dá kún un. Faransé ni mo fi kàwé láti kékeré, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ni ní yunifásítì. Nínú kíláàsì, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé á sáré jáde, màá gbé e mì, Yorùbá Kétu á sì bọ́ sílẹ̀. Èdè mẹ́ta ló wà lẹ́nu mi, kò sí ọ̀kan tó ń jẹ́ mi nígbà tí mo bá pè é. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Àwọn èèyàn rò pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni mí.

Iṣẹ́ tí mo wá ṣe ṣòro láti fẹnu sọ, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti lóye. Olùkọ́ mi, obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Dókítà, fẹ́ mọ ìdí tí ẹran màlúù wa fi máa ń le. Èèyàn á se ẹran láti òwúrọ̀ títí gáàsì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, arúgbó á sì tún tu ú sọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ a máa ń rí màlúù mìíràn tí ẹran rẹ̀ ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kí ló fà á? Ṣé ẹ̀yà màlúù náà ni? Ṣé oúnjẹ ni? Ṣé ìrìn ni? Inú ẹran náà gan-an la fẹ́ wò, ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní wákàtí tí màlúù kú. Ohun tí a ń wá yìí kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Bí a bá fẹ́ rí i, a gbọ́dọ̀ gé ìwọ̀nba díẹ̀ lára ẹran ẹ̀yìn nígbà tó ṣì gbóná, ká jù ú sínú omi kan tó tutù ju yìnyín lọ, omi tó máa ń rú bí èéfín bí a bá ṣí i.

Nítorí náà ni mo ṣe di èrò odò ẹran. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí odò níbẹ̀, àfi omi àti ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn gba inú gọ́tà. Màmá Dókítà mú mi lọ kí Sẹ́ríkí Pàwà, olórí àwọn alápatà, baba àgbàlagbà kan tó jẹ́ Hausa, tí wọ́n bí ní Sábó. Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń sọ mọ́ débi pé ojú tì mí. Ó ní kò burú, kí n máa wá. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, èmi náà á ti gbé kẹ́ẹ̀gì irin mi dé, màá wọ bàtà rọ́bà, màá dúró láàárín ariwo, èéfín igi àti àwọn ọkùnrin tó gbé ọ̀bẹ dání. Bí màlúù bá ti kú, màá bẹ̀ wọ́n, màá gé tèmi, màá ṣí kẹ́ẹ̀gì, èéfín á rú, màá dé e.

Mi ò ronú ohun tí ìyẹn jọ lójú ẹni tó ń wò mí. Obìnrin kan, Àgànyìn, tó ń wá lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, tí kì í ra ẹran, àfi kó máa gé díẹ̀díẹ̀ lára ẹran tó ṣì ń gbọ̀n, kó sì máa kó o sínú ìkòkò irin tó ń rú èéfín láìsí iná.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ kí n tó lóye pé oògùn ni wọ́n rò pé mo ń ṣe. Obìnrin kan tó ń ta pọ̀nmọ́ máa ń gbé igbá rẹ̀ kúrò bí mo bá ń kọjá. Mo rò pé ó ń yà fún mi ni, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Wàsíù, ọ̀kan nínú àwọn alápatà, dúró sí iwájú mi. Ọkùnrin gíga ni, ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá lẹ́nu iṣẹ́, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ rí.

"Àǹtí, ẹ ò ní gé nǹkan kan lónìí."

"Bàbá Sẹ́ríkí fún mi láyè."

"Bàbá Sẹ́ríkí ò sí níbí. Ẹ ṣí nǹkan yẹn ká rí ohun tó wà nínú rẹ̀."

Mo ní kò yẹ ká kàn ṣí i bẹ́ẹ̀, pé ó lè jó èèyàn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà burú ju kí n dákẹ́ lọ. Wàsíù kígbe sí àwọn tó kù pé, "Ẹ gbọ́? Ó tutù, ó tún ń jó èèyàn!" Wọ́n pé lé wa lórí. Wàsíù fa kẹ́ẹ̀gì náà, èmi náà fà á, ó bọ́ lọ́wọ́ wa méjèèjì. Omi tútù náà dà sílẹ̀, èéfín funfun bo ilẹ̀, ó ń sáré láàárín ẹsẹ̀ wa bí ẹni pé ó ń lé èèyàn. Ẹnì kan ń pe Jésù, ẹnì kan ń pe Allah, àwọn mìíràn sá kúrò nídìí màlúù tí wọ́n ti bó dé ìdajì. Àwọn ìgò kéékèèké tí mo kó ẹran sí yí gbirigbiri wọ inú gọ́tà. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, mo ń ṣà wọ́n. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí. Nígbà tí mo fi kó wọn jọ tán, ẹran inú wọn ti yọ́, kò wúlò mọ́.

Ọlọ́kadà méjì wo ẹ̀jẹ̀ orúnkún mi, wọ́n kọ̀ láti gbé mi. Mo fẹsẹ̀ rìn.

Màmá Dókítà gbọ́, ó káwọ́ lérí. Ó ní, "Bí wọn ò bá jẹ́ kí o wọlé mọ́, àfi ká wá àkòrí mìíràn." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú àánú, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni pé màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò sunkún. Ó rẹ̀ mí ju ẹkún lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo ní láti lọ sí Ọ̀yọ́, nítorí pé mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé nílé ìwé kan níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń rí owó jẹun. Mo jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, mo gbórí lé fèrèsé, mo dé kíláàsì, mo sì kọ́ wọn ní bí a ṣe ń sọ pé "mo wà dáadáa" ní Faransé. Wọ́n pariwo rẹ̀ tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ayọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé bí èmi ṣe ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo rántí pé bàbá mi ti ń bẹ̀ mí láti ìgbà tí mo ti dé pé kí n lọ bá òun kí ààfin Ọ̀yọ́. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nípa ààfin yẹn kí wọ́n tó bí mi, kò sì fojú kàn án rí. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dìde.

"Ẹ kú ọ̀sán sà. Láti Kétu ni mo ti wá. Bàbá mi ní kí n wá kí yín."

"Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ fẹ́ rí?"

Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ rí. "Mo kàn wá kí yín ni, sà."

Ó ronú díẹ̀. "Ó dáa. Ṣé ẹ fẹ́ ya fọ́tò ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bá mi ya fọ́tò náà, ó ní kí n túnra mú, kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi. Kí n tó dé ibùdókọ̀, ó ti pè.

"Mo rí i! Ṣé o kí wọn fún mi?"

"Mo kí wọn, Bàbá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n kí yín."

Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi níbẹ̀ pé, "Wọ́n ní kí ó kí mi." Mo di fóònù mú létí títì, bọ́ọ̀sì ń kọjá, mi ò dá ọ̀kankan dúró.

Sẹ́ríkí Pàwà ló pè mí lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, pé kò dára, ṣùgbọ́n òun ò lè fi agbára mú àwọn èèyàn òun gbà mí. "Wá ní Sábó lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Gbogbo wọn á jókòó. Sọ ohun tí ò ń ṣe fún wọn. Yorùbá ni kí o fi sọ ọ́ o, a ò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mi ò lè sọ iṣẹ́ mi ní èdè tí wọ́n fi tọ́ mi. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú yàrá mi, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń kú sí mi lẹ́nu. Mo pe bàbá mi.

"Kí ni orúkọ ohun tí ò ń wá nínú ẹran náà?"

"Jíìnì ni, Bàbá."

"Alápatà ò mọ jíìnì. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Kí ló ń ṣe?"

"Òun ló ń sọ fún ara bí yóò ṣe rí. Ó wà nínú gbogbo ara màlúù, látorí dé ìrù, ọ̀kan náà ni."

"Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni, kí ló dé tí ojú màlúù ò jọ pátákò rẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. "Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójú yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Àwọn yòókù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sùn."

"Ẹ̀hẹ́n. Wọ́n sùn. Ìyẹn yé mi." Ó húkọ́. "Kí ló ń jí wọn?"

"Oríṣiríṣi nǹkan. Oúnjẹ. Ìrìn. Òùngbẹ. Ìbẹ̀rù."

"Nítorí náà, màlúù méjì lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kí ẹran ọ̀kan rọ̀, kí ti èkejì le?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Sọ ọ́ fún wọn báyìí. Má fi Faransé sí i."

"Ikọ́ yẹn ńkọ́?"

"Eruku ọyẹ́ ni. Máa sọ tìrẹ, jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ní Sábó, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì àti ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún wọn nípa àwọn tó sùn àti àwọn tó jí. Mo ní ohun tí mo ń gé kì í ṣe fún oògùn, pé bí mo bá pẹ́ kí n tó gé e, ohun tí mo ń wá á ti kú pẹ̀lú màlúù, pé omi tútù yẹn ni kì í jẹ́ kó kú. Mo fi ọ̀bẹ gé ẹran kan tí mo mú wá, mo fi hàn wọ́n bó ṣe kéré tó, ẹnu mi sì yọ̀: "Fùàlá!"

Ẹnì kan bi mí pé, "Kí ni fùàlá?" Mo ní Faransé ni, pé ó túmọ̀ sí "òun rèé." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi nu ojú. Ẹ̀rín náà kò dùn mí. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn kan ti ń pè mí ní Ìyá Fùàlá.

Wàsíù ò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sókè. "Àǹtí, ọ̀rọ̀ oògùn kọ́ ni tèmi. Bí ẹ bá wádìí tán, ta lẹ máa sọ fún? Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹran wa ò dára, tí àwọn wọlé-wọlé wá ti odò ẹran pa, níbo la máa gbà? Ẹ̀yin á ti lọ sí Kùtọnu nígbà náà."

Àwọn tó kù ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ló yé mi. Èéfín ló wà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ohun tó ń já wọn láyà ni pé mo wá ṣe amí.

Mo lè sọ pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń rí ohun kan nínú ẹran tí mo ti yẹ̀ wò, mo sì mọ̀ pé wọ́n á gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Mi ò lè ṣèlérí pé gbogbo ohun tí màá rí ló máa dùn mọ́ yín nínú. Ó dà bíi pé àwọn màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ àjàgbé, tí wọ́n sì pa lójú ẹsẹ̀, ẹran wọn ló ń le jù, òun ló sì ń dúdú. Kò tíì dá mi lójú."

Sẹ́ríkí Pàwà ló dáhùn. "Ibi tí wọ́n á ti sinmi ńkọ́? A ní àyè kan tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i."

Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ́, Yorùbá àti Hausa. Ohun tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni pé kí n máa wá, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì mi kò gbọ́dọ̀ wọlé, ẹ̀yìn géètì ni màá dúró sí, alápatà kan á gé ẹran wá bá mi. Ohunkóhun tí mo bá sì rí, àwọn ni màá kọ́kọ́ sọ fún. Mo mọ̀ pé ìrìn láti ìdí màlúù dé géètì á ba díẹ̀ nínú iṣẹ́ mi jẹ́. Mo gbà.

Sẹ́ríkí sìn mí dé títì. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ó ti rẹ̀ mí kí wọ́n máa bi mí níbi tí mo ti wá."

Ó ní, "Wọ́n bí bàbá mi síbí. Wọ́n bí mi síbí. Ibí náà ni wọ́n á sin mí sí. Gàmbàrí ni wọ́n ṣì ń pè mí. Mo ti dáhùn títí, ó ti di orúkọ." Ó dá ọ̀kadà dúró fún mi. "Máa lọ, òòrùn ń mú."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dúró sẹ́yìn géètì, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn. Wàsíù ni wọ́n yàn láti máa gé ẹran wá. Mo rò pé ó máa jẹ́ ìyà fún wa méjèèjì. Kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sáré. Ẹ̀rọ tó ń ka ohun inú ẹran náà kò sí lọ́dọ̀ wa, a fi àwọn ìgò ẹran náà ránṣẹ́ sí ibi tó wà, a sì dúró títí mo fi rò pé wọ́n ti sọ nù. Nígbà tí èsì dé, ìyàtọ̀ wà lóòótọ́ láàárín màlúù Fúlàní funfun àti mùtúrù kúkúrú tí kò ní iké: àwọn jíìnì tó ń kó ọ̀rá sáàárín ẹran jí dáadáa nínú mùtúrù. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù kì í ṣe ti ẹ̀yà. Nínú àwọn tí wọ́n pa bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, gbogbo jíìnì tó máa ń jí nígbà ewu ló jí sílẹ̀. Màlúù ti dé, wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀, ara rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. Ara rẹ̀ ò tíì mọ̀ pé ó ti dé.

Mo ka ibẹ̀ tán, mo pa kọ̀ǹpútà, mo sì lọ sùn ní ọ̀sán gangan.

Mo mú àdéhùn ṣẹ, mo kọ́kọ́ sọ fún wọn kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn Màmá Dókítà. Inú àwọn kan bàjẹ́. Àwọn kan ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, àyè ni kò sí. Wàsíù àti àwọn mélòó kan gé igbó ẹ̀yìn ọgbà, wọ́n fi páànù àlòkù ṣe ìbòrí, wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù omi síbẹ̀, màlúù wọn á sun ibẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Àwọn tó kù ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe. Mo dúró níwájú àwọn olùkọ́, mo fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ìbéèrè wọn, mo gba oyè mi. Bàbá mi pè, ikọ́ kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó fún ìyá mi ní fóònù kó bá òun yọ̀ fún mi. Mo ti sọ fún Màmá Dókítà pé mo ń lọ sílé wo bàbá mi ná, pé tí mo bá dé ibẹ̀ ni màá mọ̀ bóyá màá padà wá.

Ní ọjọ́ tí mo lọ dágbére ní odò ẹran, Wàsíù jáde wá bá mi ní géètì, ó di nǹkan kan sínú ọ̀rá dúdú.

"Ẹ gbà."

"Mi ò gbé kẹ́ẹ̀gì wá lónìí. Iṣẹ́ ti parí."

"Èyí kì í ṣe ti kẹ́ẹ̀gì. Ẹ lọ sè é jẹ. Láti ìgbà tí ẹ ti ń bọ̀, mi ò rí i kí ẹ gbé ẹran lọ sílé rí."

Òótọ́ ni. Mo ti gé ẹran, mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti kọ̀wé nípa rẹ̀, mi ò tíì jẹ ẹran odò ẹran yẹn rí. Mo bi í bóyá màlúù náà sinmi. Ó ní ó sinmi dáadáa, ó mu omi, ṣùgbọ́n ó dàgbà díẹ̀.

Mo gbé e délé, mo bu iyọ̀ àti ata sí i, mo sè é títí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo ilé, tí ìyá onílé wa fi yọjú wá bi mí bóyá kí òun gbé àwo wá. Mo ní kó gbé e wá. Àwa méjèèjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹran náà ṣì le díẹ̀. A rún un pẹ̀lú sùúrù, a sì jẹ ẹ́ tán.